Dófà Bàbá Oníbúrẹ́dì

Dófà ni gbogbo ilé wa ń pè é. Láti kékeré la ti ń gbọ́ orúkọ yẹn. "Ẹ má lọ ṣeré nídìí Dófà o." "Ẹ bá mi gbé korobá tó wà lórí Dófà." Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ló jókòó sí, láàárín tánkì omi àti ògiri balùwẹ̀: irin dúdú ńlá kan tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ kan ti rì wọlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Adìẹ máa ń yé sínú rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyá kan náà bí rò pé orúkọ òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni Dófà. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ máa ń sọ pé ó jọ orúkọ ajá.

Sítóòfù ni, ìyẹn dá wa lójú. Ṣùgbọ́n sítóòfù tí àwa dàgbà bá ni ti kẹrosíìnì, èyí tó ní òwú mẹ́wàá, tí èéfín rẹ̀ máa ń kun ìdí ìkòkò. Èyí kò ní òwú, kò ní ibi tí wọ́n ń da kẹrosíìnì sí, ó sì wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin kò lè ṣí i nídìí. A tún mọ̀ pé Bàbá Àgbà ló ni ín, àti pé Bàbá Àgbà ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó ní Àpápá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe Bàbá Àgbà ní kúùkù ládùúgbò wa. Bàbá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é, kódà lẹ́yìn tó ti kú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹbí pinnu pé àwọn á kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé náà, kí owó ilé lè máa wọlé. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ti bárò kiri àdúgbò, tó máa ń ké "Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù! Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù áyọ́ọ̀nù!", wọlé wá wo Dófà. Ó fi òkúta lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá iye lé e lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ló fi ń ra irin. Bóyá ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni o, bóyá férémù bẹ́ẹ̀dì ni o, kò kàn án. Bàbá wa ní kó máa gbé e lọ. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ẹ mọ nǹkan tí ẹ fẹ́ tà ṣá?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Bàbá wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí bíríkìlà dé. "Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ yáa mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé." Bó ṣe di iṣẹ́ àwa mẹ́ta nìyẹn.

*

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Dófà yàtọ̀. Orúkọ ti wà nílẹ̀ ní tiẹ̀, ilé tó ti wá ni a ò mọ̀.

A ò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án rárá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá bá irú irin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Lẹ́tà tí wọ́n dà mọ́ ara irin lè ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìpẹtà nìkan ló kù tó gbé e ró. Bí ẹ bá fi agbára ha ìpẹtà náà dànù, orúkọ á bá a lọ. Àkísà tó mu kẹrosíìnì díẹ̀ la fi ń nù ún, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, títí ọ̀rá àti èéfín àtọdúnmọ́dún fi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀kùn tó tóbi jù, a sì ń fi èédú ra orí bébà náà jẹ́jẹ́, bí ọmọ iléèwé ṣe máa ń fi pẹ́ńsùlù ra bébà lórí kọ́bọ̀ kí àwòrán rẹ̀ lè jáde.

Lẹ́tà márùn-ún ló jáde: D, O, V, E, R. Àfi bí ìgbà tí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gbogbo wa ló pariwo. Dófà kì í ṣe orúkọ òyìnbó kankan, kì í sì í ṣe orúkọ ajá. Dover ni. Àyà rẹ̀ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí adìẹ sì ń yé sí i nínú.

Dover jẹ́ ìlú èbúté kan létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń sọdá sí ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n lára sítóòfù, orúkọ irú sítóòfù kan ni: sítóòfù onígi àti eléèédú, tí wọ́n fi irin dídà ṣe, tí wọ́n ń kó lọ tà ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní South Africa, bí ẹ bá dárúkọ Welcome Dover létí àwọn àgbàlagbà, ẹ ó rí i pé ojú wọn á yí padà. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti se oúnjẹ fún wọn. Nọ́ńbà 8 wà lára ti wa. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọdún o, bí sítóòfù ṣe tóbi tó ló ń sọ.

A tún ṣe bébà àti èédú sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó kọjú sí ògiri. FALKIRK ló jáde níbẹ̀. Scotland ni Falkirk wà. Lẹ́bàá ìlú yẹn ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ayọ́rin Carron sílẹ̀ ní 1759. Àgbá ogun ni Carron kọ́kọ́ fi lórúkọ, débi pé irú àgbá kan wà tí wọ́n fi orúkọ iléeṣẹ́ náà pè, carronade. Iléeṣẹ́ kan náà yìí ló tún da sítóòfù àti ìkòkò, tó sì da àpótí tẹlifóònù pupa tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò London. Àwọn iléeṣẹ́ ayọ́rin mìíràn pọ̀ ní Falkirk náà, ìdíje sì wà láàárín wọn. Gbèsè gbé Carron ṣubú ní 1982. Ní ọdún yẹn, irin tó ti ìlú wọn wá ṣì dúró gbọin-gbọin ní Ajégúnlẹ̀.

Lábẹ́ FALKIRK, a rí "Rd No" àti nọ́ńbà tí ìpẹtà ti jẹ ìdajì rẹ̀. Àmì kékeré yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Láàárín 1842 sí 1883, bí ẹnì kan bá forúkọ àwòrán ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì kan tó rí bíi dáyámọ́ńdì inú káàdì ló máa ń wà lára ọjà náà, nọ́ńbà I ti àwọn ará Róòmù tó wà lókè rẹ̀ á sì sọ pé ohun onírin ni. Láti 1884 ni wọ́n ti pa dáyámọ́ńdì tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ Rd No. Nítorí náà, Dófà kò lè dàgbà ju 1884 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín jẹ o. Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ àwòrán sílẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n da irin. Wọ́n lè máa fi àwòrán kan náà da sítóòfù fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún.

Ibi tí irin lè bá wa sọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìyókù, ẹnu Ìyá Àgbà ló kù sí.

*

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síra. Bọ́ndírì ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ máa gbà sọdá, orúkọ náà sì ti túmọ̀ ara rẹ̀: ààlà. Ní 1926 ni èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Lagos Executive Development Board, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928, pín ilẹ̀ Àpápá sí ti iléeṣẹ́ àti ti ilé gbígbé. Àwọn òyìnbó iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti ti ilé ìfowópamọ́ kó wọ GRA. Ọkọ̀ Elder Dempster ń ti Liverpool bọ̀ lemọ́lemọ́: Accra bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Apapa ní 1948, Aureol ní 1951. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Apapa, bó ṣe jẹ́ pé títí di òní olónìí Liverpool Road wà ní Àpápá. Ìlú méjèèjì ti sọ ara wọn lórúkọ.

Àwọn tó ń fọṣọ ní GRA, tó ń se oúnjẹ, tó ń ro ọgbà, tó ń ṣọ́ géètì, Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ilé. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ajé gúnlẹ̀. Ọrọ̀ ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti sun àdúgbò wa rí lálẹ́ òjò, tí omi ń wọlé, á mọ̀ pé àdúrà ni orúkọ náà.

Bàbá Àgbà wá láti abúlé kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń fọ abọ́, ó wá di kúùkù ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn ilé, Dófà sì jókòó síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní bí ẹ bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé ẹ ti débi tí wọ́n ń sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ń lọ. Ààgo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Bàbá Àgbà máa ń dáná sí i, kí omi gbígbóná lè wà nígbà tí ọ̀gá bá jí. Kò sí ohun tó ń wọn ooru lára rẹ̀. Bàbá Àgbà á wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí àwo páànù, á tì í sínú ààrò, á sì máa kà láti ení. Bó bá ka dé iye kan tí ìyẹ̀fun náà pọ́n bí awọ ẹ̀pà, ààrò ti tó fún búrẹ́dì. Bó bá ti dúdú, ó gbóná jù. Bó bá ṣì funfun, kí wọ́n fi igi kún un.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀gá náà padà sílùú rẹ̀. Ẹni tó gba ilé gbé kúkà onígáàsì wá, ó ní kí wọ́n lọ da irin dúdú yẹn nù. Bàbá Àgbà tọrọ rẹ̀, wọ́n sì fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, ó fi ẹfun sàmì sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọmọlańkẹ́ kó o gba Bọ́ndírì wọlé fún òru mẹ́ta. Ìyá Àgbà ló ń gbé àtùpà. Oyún Bàbá wa ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ní 1962, Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí lọ àlìkámà ní Àpápá. Ìyẹ̀fun wá súnmọ́ wa. Bàbá Àgbà á jí lóru, á ṣe búrẹ́dì, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni Dófà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, á wá fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Àpápá. Ìyá Àgbà á gbé ìyókù lọ sọ́jà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kúkú sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Owó búrẹ́dì ló rán Bàbá wa àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin níléèwé. Owó búrẹ́dì ló ra ilẹ̀ tí a wà lórí ẹ̀ yìí.

*

Kì í ṣe gbogbo wa ni inú rẹ̀ dùn sí ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bàbá Àgbà fi ọdún gbọọrọ làágùn níwájú irin yìí fún àwọn tí kò jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé rí. Kí la fẹ́ máa dán ìyẹn sí?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí kì í ṣe irọ́. Òmíràn nínú wa fèsì pé bí a bá tà á fún kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, iná ni wọ́n máa yọ́ ọ sí, á di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé, ẹnì kankan ò sì ní mọ̀ pé Bàbá Àgbà làágùn rárá. Àríyànjiyàn yẹn gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan lódindi nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wa.

Ìyá Àgbà ló là wá. Ó ní, "Ní Àpápá, sítóòfù màdáámù ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí bàbá yín ń tú u, tó nù ún, ló rí lẹ́tà tó wà láyà rẹ̀. Ó ní, 'Ìyàwó, wò ó, orúkọ ẹ̀ rèé.' Ibí yìí ló ti di Dófà. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ."

A ò tún bá ara wa jiyàn mọ́. Ẹni tó ń ṣàtakò ò yí ọkàn padà tán o, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè.

*

A pe oníwẹ́dà kan ní Bọ́ndírì wá wò ó, àgbàlagbà kan tó ti bá irin ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ rí. Ó gbé fáìlìn mẹ́ṣíìnì, ó fi kan abẹ́ ẹsẹ̀ Dófà fìrí. Iná tó ta jáde pupa, ó kúrú, ó sì tètè kú. "Ẹ rí i? Irin lásán á ta jìnnà, á funfun. Káàsì lèyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi róòdù lásán jó o fún yín o, ẹ̀yin ọmọ Bàbá Oníbúrẹ́dì. Á tún fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó ni."

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Irin dídà ní kábọ̀n nínú, bí ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó pọ̀ ju ti irin ìkọ́lé lọ dáadáa. Kábọ̀n yìí ló jẹ́ kó máa yọ́ ní nǹkan bí 1,200 digíríì, dípò 1,500, kó sì ṣàn wọ inú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí, títí dé orí lẹ́tà àti òdòdó. Òun náà ló sì sọ ọ́ di elégé. Irin lásán á tẹ̀. Káàsì á fọ́.

Kí a tó tú u, a rí nǹkan funfun kan tó dà bí okùn láàárín irin òkè àti ti ẹ̀gbẹ́. A dúró. Láyé ìgbà yẹn, asbestos ni wọ́n sábà máa ń fi dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. A ò há a, a ò gbá a, a ò sì fẹ́ ẹ. A fi omi rin ín gbindin, a bo imú, a fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ yọ ọ́, a dì í sínú náílọ́ọ̀nù ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ asbestos, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò pa wá lára.

Àwọn nọ́ọ̀tì ti dì mọ́ra pátápátá. Epo bíréèkì àti kẹrosíìnì la pò, tí a ń kán sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tó bá ṣì ṣagídí, oníwẹ́dà á fi iná gbóná sí wọn díẹ̀, á jẹ́ kó tutù, á tún gbóná sí i. Mẹ́rìnlá tú. Mẹ́ta kọ̀ jálẹ̀, dírìlì la fi yọ wọ́n.

Àwọn ìdérí àti ẹ̀yà kéékèèké, káún la fi bọ́ ìpẹtà ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Káún tí a fi ń se ewédú, ẹbí sódà ìfọṣọ ni, ó sì máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná rìn nínú omi. A po ó mọ́ omi nínú dírọ́ọ̀mù rọ́bà, a so wáyà négétíìfù ṣájà bátìrì mọ́tò mọ́ ìdérí, a so pósítíìfù mọ́ àlòkù irin kan, a ò sì jẹ́ kí irin méjèèjì fara kanra. Ní wákàtí bíi mẹ́jọ, ìpẹtà ti rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lásán ló ń kó o. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Gáàsì tó ń hó jáde níbẹ̀ lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má ṣe fi irin ṣíbí, irin tí kì í dípẹtà yẹn, sí pósítíìfù. Májèlé ló máa ń tú sínú omi.

Irin òkè ti sán, sísán tó gùn tó ìka mẹ́rin. Ọ̀gá oníwẹ́dà lu ihò kékeré sí ìparí sísán náà lọ́tùn-ún lósì kó má bàa tún rìn síwájú. Ó yá iná èédú, ó gbé irin náà lé e kó gbóná kárí, ó wá fi róòdù oníníkẹ́ẹ̀lì jó o díẹ̀díẹ̀, ó ń fi òòlù kékeré kan án jẹ́jẹ́ bó ṣe ń jó o. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó ní ká gbé eérú wá. Ó sin irin náà sínú eérú gbígbóná títí ilẹ̀ fi mọ́. "Káàsì ò fẹ́ ká kánjú," ó ní. "Tó bá tètè tutù, á tún fọ́." Owó róòdù níkẹ́ẹ̀lì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọmọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yẹn fẹ́ san lórí gbogbo Dófà.

Ààsẹ̀ irin tí igi máa ń jó lé lórí ti jẹ tán. Ẹnì kan ní ká gbé e fún àwọn tó ń da ìkòkò àlúmínọ́ọ̀mù. Kò lè ṣeé ṣe. Àlúmínọ́ọ̀mù máa ń yọ́ ní 660 digíríì. Iná igi tó bá jó dáadáa á yọ́ ọ. Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé tó nípọn la gé, tí wọ́n jó pọ̀. Kò rẹwà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán tí a po mọ́ eérú la fi dí àwọn àlàfo, bí àwọn ìyá wa ṣe ń mọ àdògán. Nígbà tó gbẹ, a fi òróró pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a dá iná kékeré sí i títí òróró náà fi gbẹ mọ́ irin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dúdú, ó ń dán. A ò kun ọ̀dà kankan.

*

Iná àkọ́kọ́, páálí àti ẹ̀ka igi díẹ̀ ni. Èkejì ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ọjọ́ kẹrin la tó dáná gidi. Irin tó ti mu ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ bá mú iná bò ó lójijì, ẹ ti fọ́ ọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì da omi tútù sórí rẹ̀ nígbà tó gbóná, ohun kan náà ni. A ti gbé páìpù èéfín kọjá òrùlé, nítorí ilé wa kún, yàrá wa dojú kọra wọn, àwọn aráalé ò sì ní gbà á bí èéfín bá ń wọlé wọn, wọ́n sì jàre. WHO ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní 2020. Nítorí náà a ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sídìí igi lójoojúmọ́ o. Gáàsì la ṣì fi ń se oúnjẹ wa.

Ìyá Àgbà ní ká gbé àga òun wá. Ó wọ́n ìyẹ̀fun sórí àwo, ó ní ká tì í wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́. Nígbà tó ní ká fà á yọ, ìyẹ̀fun náà pọ́n bí awọ ẹ̀pà. Ó ní, "Ó ti tó. Ẹ gbé búrẹ́dì wọlé."

Mẹ́jọ ni a tì wọlé. Méjì jóná níhà tí iná wà, nítorí a ò mọ̀ pé ó yẹ ká yí wọn padà láàárín. Mẹ́fà jáde dáadáa. Àwọn ará ilé ló jẹ ẹ́ tán kí ó tó tutù, Bàbá wa sì jẹ nínú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ ìdajì, ó yí ìyókù sínú bébà, ó gbé e wọ yàrá lọ.

Nígbà tí bíríkìlà dé, yàrá kan ni Bàbá wa ní kí wọ́n kọ́. Owó ilé yàrá kejì tí kò sí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń dá a jọ fún un lóṣooṣù. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀kan nínú wa ò ní, tí àwọn méjì yòókù á kún un. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.

Ìyá Àgbà ti kọ́ wa bí òun ṣe ń kà á. Kò yára, kò sì falẹ̀. Bí ẹni ń rìn lọ sọ́jà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń dáná sí Dófà, àwọn ọmọ àdúgbò á sì tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn náà ti ń kà á. Wọ́n á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, pẹ̀lú ariwo, wọn ò sì mọ̀ pé ìwọ̀n ooru ààrò òyìnbó kan ní Àpápá ni wọ́n ń kà.

Bí irin kan bá wà lẹ́yìn ilé tiyín, ẹ mú àkísà, kẹrosíìnì díẹ̀, bébà àti èédú. Ẹ wá lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó ti àgbà tó bá kù nínú ilé, kí ọmọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó dé.